Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí màá ṣe iṣẹ́ abẹ ìdí: kí ni kí n máa retí?

Ìbàdí_Àrán

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i, tara mi ló gbé mi jáde lónìí.

Mo ti san owó àsansílẹ̀ fún BBL, ìyẹn ni pé wọ́n á fa ọ̀rá kúrò níkùn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n á sì gbé e sídìí. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gééré. Ọmọ ọdún 34 ni mí, mo ti bímọ méjì, mi ò sì tún fẹ́ bí mọ́. Kò sí ọkùnrin tó ní kí n ṣe é, nítorí náà ẹ má wulẹ̀ gba ibẹ̀ wọlé. Látìgbà tí mo ti gbọ́njú ni ìdí mi ti rí pẹlẹbẹ bíi pákó, ó sì ti sú mi.

Ọmọbìnrin tó ń dá mi lóhùn lórí WhatsApp ti fi àwòrán ránṣẹ́ títí fóònù mi fi kún: bí wọ́n ṣe rí tẹ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe wá rí. Gbogbo wọn ló dára. Àárín méjèèjì ni àwòrán kankan ò fi hàn, ohun tí mo sì fẹ́ bi yín nìyẹn. Ṣé ó ń dunni púpọ̀? Ọjọ́ mélòó ni mi ò fi ní lè jókòó? Ṣé bó bá ṣe rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà ló máa rí lọ, àbí ó máa fọn? Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ má fi oyin ra á lára.

Àdùnní_Kejì

O kú ìmúrasílẹ̀, àbúrò mi. Mo ti pé 41, oṣù kẹrìnlá rèé tí mo ṣe tèmi.

Ìdí kọ́ ló máa dùn ẹ́ jù. Ibi tí wọ́n ti fa ọ̀rá ni. Nígbà tí mo lajú lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣe ló dà bíi pé wọ́n kó ikùn àti ẹ̀yìn mi sínú odó, wọ́n gún un, wọ́n sì tún un gún. Ìdí kàn wú, ó le, ó ń gbóná díẹ̀ ni. Oògùn ìrora tí wọ́n fún mi ṣiṣẹ́, nígbà tó fi máa di ọjọ́ keje mo ti dín in kù sí parasitámọ́ọ̀lù lásán.

Ohun tí ẹnì kankan ò sọ fún mi ni ti omi. Kí wọ́n tó fa ọ̀rá, wọ́n máa ń rọ omi tí wọ́n po oògùn mọ́ sábẹ́ awọ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dà púpọ̀. Gbogbo omi yẹn kọ́ ló máa ń jáde tán lórí tábìlì. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ní nǹkan bí aago méjì, àbúrò mi tanná, ó sì figbe ta. Gbogbo aṣọ tá a tẹ́ sábẹ́ mi ló ti rẹ gbindin, ó pọ́n bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran. Ẹ̀jẹ̀ la pè é. A pe nọ́ọ̀sì, ó bi wá pé ṣé ó ki àbí ó ṣàn, ṣé ó pupa fòò àbí ó pupa rúsúrúsú. Ó ṣàn, ó pupa rúsúrúsú. Ó ní ká pààrọ̀ aṣọ, ká padà lọ sùn. Títí di alẹ́ ọjọ́ kejì ló fi ń jò láti ojú àwọn ihò kéékèèké tí wọ́n gbà wọlé. Nítorí náà, wá ọ̀rá ike tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì kó o tó lọ.

Ìkejì ni aṣọ ìfúnra, èyí táwọn kan ń pè ní fájà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lo máa fi wọ̀ ọ́, tọ̀sántòru. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bọ́ ọ lára mi kí n lè wẹ̀, ojú mi ṣú, mo sì dìgbò lu ògiri. Aṣọ yẹn ti fún ara débi pé bí o bá bọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, òòyì á kọ́ ẹ. Dùbúlẹ̀ tí wọ́n bá ń tú u, kí wọ́n tú u díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kan sì dúró tì ẹ́.

Ní ti jíjókòó, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ìdí mi ò fi kan nǹkan, àfi nílé ìgbọ̀nsẹ̀, ìyẹn náà wéré ni. Orí ìdúró ni mo ti ń jẹun. Dídojúdélẹ̀ ni mo fi ń sùn. Lẹ́yìn náà ni ti tìmùtìmù: abẹ́ itan lo máa gbé e sí kí ìdí wà lófuurufú, títí di ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rá tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀ ò ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Ṣe ló máa ń tọrọ jẹ lára àwọn aládùúgbò rẹ̀ títí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun á fi wọ inú rẹ̀. Bó o bá jókòó lé e, o ti febi pa á.

Màá padà wá sọ bó ṣe rí nísinsìnyí, ọmọ ń pè mí.

Kò_Kàn_Mí

Ẹ̀yin obìnrin ìwòyí! Ohun tí Ọlọ́run fún yín ò tó yín. Ẹ lọ máa ṣe eré ìdárayá, ìdí á yọ.

Ìbàdí_Àrán

Orúkọ yín ti dáhùn fún yín, ọ̀gá.

Àdùnní_Kejì

Eré ìdárayá ń mú ẹran ìdí tóbi, òótọ́ ni. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Ohun tó lè fún mi ló fún mi.

Alábòójútó

A ti yọ ìfèsì méjì mìíràn kúrò. Ẹni tí kò bá ní nǹkan sọ lórí ìbéèrè tí wọ́n béèrè, kó máa wò wá láti òkèèrè.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Yàrá iṣẹ́ abẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí Àdùnní_Kejì sọ dára, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí Ìbàdí_Àrán ka tèmi kó tó máa wá tìmùtìmù kiri. Wọn kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ wo ìdí bí ìpele mẹ́ta. Awọ ló wà lókè. Ọ̀rá ló tẹ̀ lé e. Ẹran ìdí, èyí tẹ́ ẹ fi ń dìde nílẹ̀ tẹ́ ẹ sì fi ń gun àtẹ̀gùn, ló wà lábẹ́ ọ̀rá. Nínú ẹran yẹn àti lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńláńlá gbà kọjá. Irin gígùn oníhò ni wọ́n fi ń tẹ ọ̀rá wọlé. Bí irin náà bá lọ jìn, tó wọ inú ẹran, tó sì ya ọ̀kan lára àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ yẹn, ọ̀rá á gba ibẹ̀ wọlé, á bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọkàn, ọkàn á tì í lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀fóró á sì dí. Orí tábìlì níbẹ̀ tàbí láàárín ọjọ́ kan ni èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́ kankan tó ń yọ́ ọ̀rá bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 2017, àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹwà ṣe ìwádìí láàárín ara wọn. Wọ́n fojú bù ú pé bí èèyàn bíi 3,000 bá ṣe BBL, ẹnì kan lè bá a lọ. Fún iṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe àìsàn ló gbé ẹnikẹ́ni débẹ̀, iye yẹn pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n sì yẹ òkú àwọn tó kú wò, inú ẹran ìdí ni wọ́n ti ń bá ọ̀rá. Ní 2018, oríṣiríṣi ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ náà kárí ayé fìmọ̀ ṣọ̀kan pé abẹ́ awọ nìkan ni kí wọ́n máa fi ọ̀rá sí, kí ẹnikẹ́ni má fi sínú ẹran mọ́. Lọ́dún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní káwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣì dá a dúró ná. Ó di 2022 kí wọ́n tó ṣí i padà, wọ́n sì sọ pé òkè ẹran nìkan ni, kí wọ́n sì máa fi ẹ̀rọ ultrasound wo ibi tí irin wà, irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú. Ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà fòfin de fífi ọ̀rá sínú ẹran lọ́dún 2019. Nígbà tó tún di 2022, wọ́n ní dókítà kan ò gbọdọ̀ ṣe ju mẹ́ta lọ lóòjọ́. Ẹ mọ ohun tó fa ti mẹ́ta yẹn? Ọwọ́ tó bá ti rẹ̀ ló máa ń ṣàdédé lọ jìn.

Ikú náà ti dín kù gan-an láàárín àwọn tó gbọ́ràn. Àwọn tí kò gbọ́ ṣì wà.

Ẹ bi dókítà yín pé: ibo gan-an lẹ máa fi ọ̀rá yìí sí, kí lẹ sì fi máa mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ wà? Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa di irin yẹn mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àbí ẹlòmíì máa gbà á lọ́wọ́ yín? Ẹni mélòó lẹ máa ṣe lọ́jọ́ tèmi? Ta ló máa fún mi lóògùn oorun, ilé ìwòsàn wo lẹ sì máa gbé mi sáré lọ bí nǹkan bá yíwọ́? Bó bá fi ìbéèrè yín ṣe yẹ̀yẹ́, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn.

Èmi náà ní ìbéèrè kan fún yín. Ṣé dókítà yìí ti fọwọ́ kàn yín rí?

Ìbàdí_Àrán

Háà.

Mi ò tíì rí i lójúkojú o. Fídíò rẹ̀ méjì ni mo rí. Ọmọbìnrin orí WhatsApp yẹn là ń bá sọ gbogbo ẹ̀. Ìgbà tí mo bi í pé ṣé kò ní fọn, ohun tó kọ rèé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó báyìí: "Dókítà wa máa ń fi díẹ̀ sínú ẹran kó lè dì mú dáadáa ma, ẹ fọkàn balẹ̀." Inú mi tiẹ̀ dùn nígbà tí mo kà á.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ẹ má tíì lọ. Àfi tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà fúnra rẹ̀ pé ọmọ yẹn ò mọ ohun tó ń sọ. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà rẹ̀. Owó àsansílẹ̀ ò tó nǹkan tí èèyàn ń torí ẹ̀ dùbúlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Àgbà

Ẹ jẹ́ kí n dá tèmi sí i, nítorí BBL nìkan kọ́ ló wà. Èmi tẹ́ẹ́rẹ́, kò sọ́rá tí wọ́n máa rí fà. Sílíkónì ni wọ́n fi sí mi, ọdún kẹfà rèé. Sílíkónì líle ni o, kì í ṣe ti olómi. Bí o bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó máa ń rọ̀ bíi rọ́bà. Wọ́n la àárín ìdí, níbi tí àpá ò ti ní hàn, wọ́n sì tì í wọ àárín ẹran.

Ibi tó ṣòro nínú tèmi ni ojú ọgbẹ́. Ẹ wo ibi tó wà: ibi tó ń làágùn, tó ń ra ara wọn, tí kò jìnnà síbi tá à ń gbà yàgbẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo kàn ń rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni mo rí i pé pátá mi tutù. Ó ti là níbi tó tó orí ìka kékeré. Wọn ò tún un rán. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wẹ̀ ẹ́ tí wọ́n ń fi aṣọ ọgbẹ́ kì í, ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó pa dé. Dókítà mi ní òun ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ojú ọgbẹ́ àwọn tó ṣe irú ẹ̀ sábà máa ń là, lóòótọ́ ló kìlọ̀, etí mi ni ò gbọ́.

Kòkòrò lè wọ ibẹ̀, sílíkónì lè yí tàbí kó sún, bí wọ́n bá sì ní kí wọ́n yọ ọ́, yíyọ ni. Mi ò tún lè gba abẹ́rẹ́ nídìí mọ́ láyé, apá tàbí itan ni. Gbogbo ilé ìwòsàn tí mo bá dé ni mo ti ń sọ ọ́ kí n tó sọ orúkọ mi. Ṣé mo kábàámọ̀? Rárá. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó pẹ́ lórí àga igi, mo máa ń mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe tèmi.

Dákẹ́_Jẹ́ẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ̀gbọ́n ti dárúkọ ti olómi. Mi ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí.

Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ sílíkónì olómi nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Obìnrin náà kì í ṣe dókítà. Ìdajì wákàtí ló gbà á, ó sì fi gúlúù dí ojú ibi tó gún. Lójú ẹsẹ̀ ni ìdí mi yọ, mo jáde lọ́jọ́ yẹn, mo wọ aṣọ tó mú mi lára. Ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà ni ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le. Awọ rẹ̀ dúdú, ó ń gbóná, ó sì ń yún mi. Nígbà tó yá, kókó kan yọ lẹ́yìn itan mi, níbi tí ẹnikẹ́ni ò gún mi lábẹ́rẹ́. Ṣe ló ń ṣàn wálẹ̀.

Dókítà mẹ́ta ni mo ti rí. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: kò dà bí ohun tí wọ́n lè yọ lódidi, ó ti wọ inú ẹran ara bí epo ṣe ń wọ aṣọ. Wọ́n ti gé díẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́dún 2017, àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé wọn ò fọwọ́ sí i pé kí ẹnikẹ́ni máa gún èèyàn ní sílíkónì kí ara lè tóbi, pé ó lè wọ iṣan ẹ̀jẹ̀, kó sì pani. Mi ò kà á nígbà náà. Ohun tó jẹ mí lógún ni pé kò ní la abẹ lọ, pé mi ò ní sùn mọ́jú níbì kankan.

Ìbàdí_Àrán

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an.

Ọkọ_Rẹ̀

Ọkùnrin ni mí, mi ò ní gbé èrò ọkùnrin wá, ẹ má lé mi. Ìyàwó mi ló ṣe BBL, èmi ló tọ́jú rẹ̀. Ohun tó yẹ kí wọ́n máa bi àwọn tó bá fẹ́ ṣe é ni pé ta ló wà nílé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò lè dá dìde, kò lè tẹríba, kò lè dá wọ aṣọ ìfúnra yẹn. Àwa méjì la jọ ń làágùn kó tó wọ̀ ọ́ tán.

Wọ́n ti rọ́bà tín-ín-rín kan bọ̀ ọ́ lẹ́yìn, tó já sí ike kékeré róbótó, ibẹ̀ lomi ń sun sí. Lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni mò ń dà á, mò ń wọ̀n ọ́n, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé náà ṣì wà nílé: ọjọ́ kìn-ín-ní 180, ọjọ́ kẹta 95, ọjọ́ kẹjọ 25. Nígbà tó wálẹ̀ sábẹ́ 30 mílílítà lóòjọ́ ni dókítà yọ ọ́. Lẹ́yìn tó yọ ọ́, omi tún gbá jọ sábẹ́ awọ ẹ̀yìn rẹ̀, bó bá rìn ẹ máa rí i tó ń mì lẹ̀ẹ̀ bí omi inú ọ̀rá ike. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà á. Wọ́n ní kò ṣàjèjì.

Títọ̀: ó ra ike kan tó dà bí àrọ, tí obìnrin fi ń tọ̀ lórí ìdúró. Ẹ kọ́ ọ kí ọjọ́ tó pé o, ọ̀tọ̀ ni yẹn. Ìgbẹ́ sì le gan-an nítorí oògùn ìrora, ẹ béèrè oògùn tó máa ń rọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tá à ń bọ̀ nílé, ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ ló dojú dé sí.

Èyí tó bá mi lójijì ni ẹkún. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni, ìrora ti ń lọ, mo rò pé ó ti tán. Mo wọlé, mo bá a tó dúró níwájú dígí, tó ń sunkún. Ó ní, "Kí ni mo fi ara mi ṣe?" Ara rẹ̀ wú, àwọn ibì kan dúdú, ìbàdí rẹ̀ ò bára mu. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo mú un lọ rìn káàkiri àdúgbò, mo sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ kó yé wo àwòrán àwọn ẹlòmíì. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ó ti lọ.

Ọ̀rọ̀ ìfọwọ́ra: dókítà rẹ̀ ní kí wọ́n máa fọwọ́ pa á lára wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kí omi ara lè máa lọ. Obìnrin kan wá, ó ní òun fẹ́ tú ojú ọgbẹ́ kí òun fún omi jáde. Mo ní kó máa lọ.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ẹ ṣe é o, bàbá. Ó dára bẹ́ ẹ ṣe lé e yẹn, ojú ọgbẹ́ tí wọ́n bá tú ni àkóràn ń gbà wọlé.

Kí n fi èyí kún un, kí ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ mọ̀ ọ́n sórí. Bí kò bá lè mí délẹ̀, bí àyà bá ń dùn ún, bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá ń dàrú, ẹ má pe WhatsApp ẹnikẹ́ni, ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ jù ni kẹ́ ẹ sáré lọ. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú ju èkejì lọ, tí ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ ń dùn ún, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì síbẹ̀, ìyẹn náà ò ṣeé dúró dọ̀la. Ibà tó kọjá 38, ojú ọgbẹ́ tó ń rùn, awọ tó ń dúdú tí kò sì mọ ìfọwọ́kàn mọ́, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ yẹn. Torí ẹ̀jẹ̀ dídì náà la ṣe ń ní kí wọ́n máa dìde rìn ní wákàtí méjì-méjì tí wọ́n bá lajú, látọjọ́ àkọ́kọ́, ì báà jẹ́ láti bẹ́ẹ̀dì dé ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ wọ bàálù lọ ṣe é níbi tó jìnnà, kó má ti ọ̀la ọjọ́ iṣẹ́ abẹ padà wọ bàálù o.

Ọmọ_Ìyá_Méjì

Ẹ jọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, mò ń mu sìgá, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Mo sì fẹ́ sanra sí i kí wọ́n lè rí ọ̀rá fà. Ṣé kò burú?

Nọ́ọ̀sì_Òru

Sìgá ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ọ̀rá tuntun ò sì ní rí ẹ̀jẹ̀ mu, ojú ọgbẹ́ ò ní tètè jinná. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú àti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn, kí ó kúrò lẹ́nu yín pátápátá. Díẹ̀ náà, sìgá ni. Aspirin àti ibuprofen, tó fi mọ́ àgbo àti ewé, ẹ ka gbogbo wọn fún dókítà, nítorí àwọn kan máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dà jù lójú abẹ.

Ẹ má mọ̀-ọ́n-mọ̀ sanra. Ẹ kò lè sọ fún ọ̀rá pé ibi báyìí ni kó lọ, ó lè lọ sí inú ikùn lọ́hùn-ún, láyìíká ìfun, níbi tí ẹ̀rọ kankan ò ti lè fà á. Ara tó dúró sójú kan ni wọ́n ń fẹ́.

Àdùnní_Kejì

Mo ti dé. Kí n parí tèmi.

Ohun tó o máa rí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, má fẹ́ràn rẹ̀ jù. Wíwú pọ̀ nínú rẹ̀. Oṣù kẹta ni tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, mo sì ń pariwo pé owó mi ti jóná. Dókítà mi ti sọ tẹ́lẹ̀ pé nínú ọ̀rá mẹ́wàá, bíi mẹ́fà tàbí méje ló máa yè, ìyókù ara máa gbé e mì. Lẹ́yìn ìgbà náà ló wá ń rọ̀, oṣù kẹfà ni mo tó rí ohun tó jẹ́ tèmi gan-an. Ó kéré sí àwòrán tí mo mú lọ bá a. Ó tóbi ju ohun tí mo ní.

Ikùn mi kú tipiri fún oṣù mẹ́rin, o lè fọwọ́ pa á kí n má mọ̀. Kókó kan wà nínú ìdí ọ̀tún tó tó ẹ̀wà, ọ̀rá tó kú ni, wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó, wọ́n ní ká fi í sílẹ̀. Àwọn àpá kéékèèké márùn-ún ṣì wà, wọ́n ti ń parẹ́. Ọ̀rá tó bá sì ti yè síbẹ̀, ọ̀rá ni yóò máa jẹ́: mo sanra díẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ìdí bá mi sanra. Kò sí sòkòtò mi àtijọ́ kankan tó wọ̀ mí mọ́, bó bá gba ìdí, á fẹ̀ níbàdí.

Ṣé màá tún ṣe é? Màá ṣe é. Ṣùgbọ́n èmi rí dókítà tèmi lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fọwọ́ kan abẹ. Kí ni ẹni tẹ́ ẹ ń pè wí, àbúrò?

Ìbàdí_Àrán

Ọjọ́ mẹ́rin rèé, ẹ má bínú. Mo gbé e lé wọn lọ́rùn títí wọ́n fi fún mi ní dókítà náà lórí fóònù. Ìṣẹ́jú mẹ́rin la fi sọ̀rọ̀, mo wò ó lójú fóònù. Mo bi í pé ibo ló máa fi ọ̀rá sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo ti lọ ka íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, ibo ni? Ó ní ọwọ́ òun mọ ibẹ̀, ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti ń ṣe é. Mo bi í nípa ẹ̀rọ ultrasound, ó ní àwọn tí kò mọṣẹ́ ló ń lò ó. Mo bi í pé èmi ni ẹnìkelòó lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kí n bi ọmọbìnrin yẹn. Ọmọbìnrin yẹn ní ẹnìkarùn-ún.

Mo ní kí wọ́n dá owó mi padà. Ìdajì ni wọ́n dá padà, ọ̀rọ̀ ìyókù ṣì wà nílẹ̀.

Lánàá mo lọ rí ẹlòmíì. Ó ní kí n dìde dúró, ó fi ìka méjì mú ara mi níkùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́yìn, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo gbé àwòrán tí mo fẹ́ràn jáde, ó wò ó, ó ní ọ̀rá tó wà lára mi ò lè ṣe eléyìí, ó sì fi ọwọ́ júwe ibi tó lè dé fún mi. Kí n tó béèrè rárá ló ti sọ pé òkè ẹran lòun ń fi í sí, ó sì fi ẹ̀rọ náà hàn mí. Èmi wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ó ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ná. Èsì dé láàárọ̀ yìí: ẹ̀jẹ̀ mi ò tó, 9.8 ni, ó ní òun kì í gbé abẹ lé ẹni tí kò bá tó 12. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ló kọ fún mi, ó ní kí n padà wá lóṣù mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ẹ lo oògùn náà délẹ̀. Inú lè máa run yín díẹ̀, ìgbẹ́ yín á sì dúdú, ẹ má jáyà.

Ọkọ_Rẹ̀

Oṣù mẹ́ta yẹn, ẹ lò ó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń sùn dojú délẹ̀. Ìyàwó mi ò kọ́ ọ, ojú rẹ̀ rí màbo.

Ìbàdí_Àrán

Mo ti bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ọrùn ń dùn mí.

Àdùnní_Kejì

Fi ìrọ̀rí pẹlẹbẹ sábẹ́ àyà, má fi sábẹ́ orí.